Kí ló ń mú kí ọ̀bẹ àpò ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́? Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń lò ó mọ̀

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ la gbé wá lónìí. Kì í ṣe ọ̀bẹ ìdáná, kì í sì í ṣe àdá oko. Ọ̀bẹ kékeré tó ń ṣẹ́ po sínú èèkù ara rẹ̀ ni, èyí tí awakọ̀ máa ń tọ́jú sínú ọkọ̀, tí àgbẹ̀ máa ń fi sápò lọ sóko, tí àwa ń pè ní ọ̀bẹ àpò, tí àwọn mìíràn ń pè ní jákínáìfù.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, èmi tí mò ń kọ èyí ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri ọjà lójú títì márosẹ̀ ní Ore níbí, níbi tí ọkọ̀ Èkó àti ọkọ̀ Bìní ti máa ń dúró. Mo fẹ́ fi bó ọsàn ni. Mo fi èékánná fa ọ̀bẹ náà, kò ṣí. Mo tún fà á, ó dúró gbagidi. Mo wá fi gbogbo agbára fà á, ló bá ṣí lójijì, ó sì ya mí ní àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ọsàn ti yí lọ sínú gọ́tà, ẹni tó ta ọ̀bẹ sì ti wọ àárín èrò lọ.

Bàbá kan tó ń tọ́jú ọmọ igi ọsàn àti ọmọ igi kòkó fún títà ló bá mi wo ọ̀bẹ náà. Bàbá ṣí i, wọ́n pa á dé, wọ́n tún gbé e sétí bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ojú ọ̀bẹ yìí ò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan. Ìdí rẹ̀ ni kó o lọ wò." Wọ́n wá yọ tiwọn jáde. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn débi pé igi èèkù rẹ̀ ti dúdú, ó sì ti ń dán. Wọ́n fi àtàǹpàkò kàn án báyìí, ó ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo di ojú ọ̀bẹ náà mú láti ẹ̀yìn, tí mo ní kí n mì í sọ́tùn-ún sósì, kò mì rárá.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀bẹ tó ń yọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀bẹ tó tú. Ọ̀pọ̀ wa rò pé tí ọ̀bẹ bá ti ń ṣí láìní wàhálà, ó ti dára nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ tó dára máa ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, síbẹ̀ kò ní fì. Báwo ni wọ́n ṣe ń rí méjèèjì pọ̀? Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ìdí ọ̀bẹ ni iṣẹ́ wà

Ẹ mú ọ̀bẹ àpò kan lọ́wọ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ojú ọ̀bẹ, ìyẹn irin tó ń gé nǹkan. Ó ní èèkù, tó sábà máa ń jẹ́ abala méjì tí wọ́n dè pọ̀, tí àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín wọn. Àlàfo yẹn ni ojú ọ̀bẹ máa ń sùn sí. Ìdí irin náà, níbi tí kò mú rárá, ni wọ́n lu ihò sí. Wọ́n ki irin róbótó kan bọ ihò yẹn, irin náà sì la abala èèkù méjèèjì já. Ó lè jẹ́ ìṣó tí wọ́n fi òòlù lù pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó sì lè jẹ́ bóòtù tí èèyàn lè fi sukudiráfà tú. Òun ni ojú ọ̀bẹ ń yí lé lórí, bí ilẹ̀kùn ṣe ń yí lórí híńjì.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣí ọ̀bẹ, nǹkan mẹ́ta ló ń bá àtàǹpàkò yín fà á. Àkọ́kọ́ ni ihò tó ń ha ara ìṣó. Ìkejì ni ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀bẹ tó ń ha ara èèkù. Ìkẹta ni sípíríǹgì tó ń tẹ ìdí ọ̀bẹ mọ́lẹ̀ kó má baà ṣí fúnra rẹ̀ nínú àpò yín. Tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pọ̀ jù, ọ̀bẹ á le. Tí ó bá kéré jù, ọ̀bẹ á máa fì.

Ihò àti ìṣó ló ṣòro jù. Tí ihò bá fẹ̀ ju ìṣó lọ, kódà kó jẹ́ ìwọ̀n irun orí péré, ojú ọ̀bẹ á máa mì. Ẹni tó ni ọ̀bẹ á ní kí òun fún bóòtù kí mímì náà lè dúró. Bó ṣe ń fún un ni èèkù ń gbá ojú ọ̀bẹ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ni ọ̀bẹ bá tún le. Tó bá dẹ̀ ẹ́, ó ń mì. Tó bá fún un, ó há. Ọ̀bẹ tó bá wà nípò yìí, kò sí òróró tó lè wò ó sàn, nítorí láti ilé iṣẹ́ tó ti jáde ni àìsàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti lu ihò náà kó bá ìṣó mu rẹ́gí, èèyàn lè fún bóòtù tó bó ṣe yẹ, ojú ọ̀bẹ á sì máa yọ̀. Ìṣẹ́ pípé yìí ni a ń sanwó rẹ̀ nígbà tí ọ̀bẹ kan bá wọ́n ju èkejì lọ, tí àwọn méjèèjì sì jọra lójú.

Wọ́ṣà kékeré, iṣẹ́ ńlá

Àwọn mẹkáníìkì wa mọ̀ pé irin kì í fẹ́ kí irin máa ha òun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki wọ́ṣà sáàárín. Nínú ọ̀bẹ tó dára, wọ́ṣà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ojú ọ̀bẹ, òmíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Àwọn ni wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀bẹ kan èèkù.

Oríṣi wọ́ṣà mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èyí tí wọ́n fi idẹ ṣe máa ń pẹ́, bó bá sì ṣe ń bá ojú ọ̀bẹ rìn ni òun náà á máa dán sí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ onídẹ fi máa ń yọ̀ jù lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí wọ́n ti ń lò ó. Èkejì ni oníke. Ó máa ń yọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó sì lè fẹ́lẹ́ sí i bí wọ́n bá fún bóòtù jù. Ọ̀kan nínú àwọn ike tí wọ́n ń lò ni Teflon, tí Roy Plunkett, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ṣàdédé rí lọ́dún 1938 níbi tó ti ń ṣe ìwádìí mìíràn. Òun náà ni wọ́n fi ń bo inú páànù ìdín-ẹyin tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́. Ẹ ò rí i pé ohun tí kò jẹ́ kí ẹyin lẹ̀ mọ́ páànù ni kò jẹ́ kí ojú ọ̀bẹ lẹ̀ mọ́ èèkù.

Ẹ̀kẹta ni bẹ́árìnnì, àwọn bọ́ọ̀lù irin wíwẹ́ tó tò yípo ìṣó, bíi ti táyà ọ̀kadà. Dípò kí ojú ọ̀bẹ máa ha nǹkan, orí bọ́ọ̀lù ló ń yí lé. Kò sí èyí tó yá ju òun lọ láti ṣí. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀. Ààyè wà láàárín bọ́ọ̀lù kan sí èkejì, eruku sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tó ń fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́ nínú ilẹ̀ oko, wọ́ṣà idẹ ni mo máa ní kó rà, torí ó rọrùn láti fọ̀, kò sì ní bọ́ọ̀lù tó lè sọ nù nígbà tí wọ́n bá tú u.

Sípíríǹgì: ẹni tó ń dá ọ̀bẹ dúró

Ọ̀bẹ àpò ti àtijọ́ kì í ní ohun kan tó ń tì í. Sípíríǹgì gígùn kan ló wà lẹ́yìn èèkù, tó ń tẹ ìdí ojú ọ̀bẹ mọ́lẹ̀. Ìdí yìí kò rí róbótó, ó ní igun. Nígbà tí ọ̀bẹ bá wà ní pípadé, sípíríǹgì á sinmi lórí ibi tó tẹ́jú. Bí ẹ bá ń ṣí i, igun náà á ti sípíríǹgì sókè. Ibẹ̀ ló máa ń le jù. Tó bá ti kọjá igun, sípíríǹgì á já lu ibi tó tẹ́jú mìíràn, ẹ ó sì gbọ́ "kó!" Tí igun yẹn bá dán dáadáa, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n bí ẹni gun òkè kékeré tó sì sọ̀ kalẹ̀. Tí wọn ò bá fá a dán, á máa ha gìrìgìrì bí ẹni tó ń jẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ẹ̀wà.

Ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì nílẹ̀ Áfíríkà: Okapi, tí wọ́n fi orúkọ ẹranko igbó Kóńgò kan sọ, ẹranko tó jẹ́ ìbátan àgùnfọn. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́dún 1902, láti máa kó o ránṣẹ́ sí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí Jámánì ń ṣàkóso nígbà náà. Láti ọdún 1988, Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti ń ṣe é. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ ní ìdí ojú ọ̀bẹ, tí sípíríǹgì ń bọ́ sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tó fi ń dún "kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ" bí wọ́n bá ń ṣí i. Òrùka kékeré kan ni wọ́n máa fà kó tó padé. Ariwo yẹn kì í ṣe àléébù o. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́: kò fẹ́ kí ọ̀bẹ já lu ìka yín.

Ní nǹkan bí ọdún 1980 sókè díẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Michael Walker mú ọgbọ́n mìíràn wá. Irin fẹ́lẹ́ kan tó wà nínú èèkù ló máa ń fò sẹ́yìn ojú ọ̀bẹ tó bá ti ṣí tán, kó má baà padé. Walker tún lẹ bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ kan mọ́ irin fẹ́lẹ́ yẹn. Tí ọ̀bẹ bá wà ní pípadé, bọ́ọ̀lù yìí á jókòó sínú ihò kékeré ní ìdí ojú ọ̀bẹ. Àtàǹpàkò yín ní láti kọ́kọ́ tì í jáde nínú ihò yẹn. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó ń dí i lọ́nà mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀bẹ ìgbàlódé tó dára fi máa ń kọ́kọ́ ṣagídí díẹ̀, kó tó wá ṣàn bí omi. Agídí ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kó ṣí sí yín lápò.

Ibi tí àtàǹpàkò ti ń tì í

Ẹ lọ sídìí ilẹ̀kùn ilé yín. Ẹ tì í láti ibi ọwọ́ rẹ̀, á ṣí kíá. Ẹ wá tì í láti ìtòsí híńjì, ẹ ó làágùn. Ọ̀bẹ náà kò yàtọ̀. Tí àlà tí èékánná ń wọ̀, tàbí kókó tí àtàǹpàkò ń tì, bá súnmọ́ ìṣó jù, á gba agbára. Tó bá jìnnà díẹ̀, á rọrùn, ṣùgbọ́n tó bá jìnnà jù, àtàǹpàkò ò ní lè tẹ̀ lé e dé òpin. Nítorí náà, ẹ má ra ọ̀bẹ láìjẹ́ pé ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ṣí i. Ọwọ́ ẹni tó ń tà á kọ́ lẹ máa fi lò ó.

Ohun tó ń ba ìdí ọ̀bẹ jẹ́ lágbègbè wa

Ní Odigbo àti agbègbè rẹ̀, ọ̀tá ọ̀bẹ pọ̀. Àkọ́kọ́ ni omi ọsàn. Ó kan, kíkan rẹ̀ sì ń jẹ irin. Ṣúgà inú rẹ̀ ńkọ́? Tó bá gbẹ síbi ìṣó, ó ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù. Oje igi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ká má tíì wá sọ ti rọ́bà. Ìkejì ni òjò, tó ń mú irin dípẹtà. Ìkẹta ni eruku ọyẹ́ àti ti ojú títì, tó ń wọ inú òróró tó wà lára ọ̀bẹ, tó sì ń di bíi sáńpépà.

Ẹlòmíì á ní, "Tèmi kì í dípẹtà, sténlẹ́ẹ̀sì ni." Lóòótọ́, láti ìgbà tí Harry Brearley ti ṣiṣẹ́ lórí irù irin bẹ́ẹ̀ ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1913, ni irin tí kì í tètè dípẹtà ti wọ iṣẹ́ ọ̀bẹ. Ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn ni kirómíọ̀mù, tó gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n kì í tètè dípẹtà kò túmọ̀ sí pé kò lè dípẹtà láé. Ẹ fi omi ọsàn sílẹ̀ lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó rí àmì rẹ̀. Ìṣó inú rẹ̀ sì lè má jẹ́ sténlẹ́ẹ̀sì bí ojú rẹ̀.

Èèkù onígi náà ní tirẹ̀. Opinel, ọ̀bẹ onígi tí Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1890, jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Tí igi rẹ̀ bá mu omi, á wú, á sì fún ojú ọ̀bẹ pa. Àwọn tó ni ín kì í fi eyín fà á. Wọ́n máa ń fi ìsàlẹ̀ èèkù lu orí tábìlì ní pẹ̀lẹ́, ojú ọ̀bẹ á sì yọ orí jáde díẹ̀ kí ọwọ́ lè bá a. Ẹni tí èèkù ọ̀bẹ rẹ̀ bá jẹ́ igi, kó má sá a sí oòrùn gan-an o, torí igi tó bá gbẹ lójijì máa ń là. Ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ló tọ́ sí i.

Bí ẹ ṣe lè tún un ṣe fúnra yín

Ohun tí bàbá ṣe sí ọ̀bẹ mi rèé, kò sì gbà wọ́n ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Wọ́n ṣí ọ̀bẹ náà tán, wọ́n rì ìdí rẹ̀ sínú kẹrosíìnì díẹ̀ nínú ìdérí agolo. Wọ́n jìnnà sí iná. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ inú ibi ìṣó àti inú èèkù. Omi tó jáde dúdú bí adú. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ọṣẹ àti omi ṣan án, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá.

Wọ́n wá kán òróró kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ ìṣó lọ́tùn-ún àti lósì. Òróró wo? Èyí tí àwọn aránṣọ ń kán sí maṣínnì wọn ni, ó ṣàn, ó mọ́, kò wọ́n, ó sì wà lọ́jà. Wọn kò lo epo pupa tàbí òróró ìdáná, torí àwọn yẹn máa ń gan tó bá pẹ́. Wọn kò lo gíríìsì, torí eruku fẹ́ràn rẹ̀. Ọ́yẹ̀lì ẹ́ńjìnì tó ti dúdú ńkọ́? Ìdọ̀tí àti egúnrín irin ló kún inú rẹ̀, ẹnu wa sì ni ọsàn tí a fi ọ̀bẹ bó ń lọ. Òróró yòówù kí ẹ lò, ẹ nù ún kúrò lójú ọ̀bẹ kẹ́ ẹ tó fi gé ohun jíjẹ.

Wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé ní nǹkan bí ogún ìgbà, wọ́n ń nu èyí tó bá yọ jáde. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó fọwọ́ kan bóòtù. Wọn kò yí i ju bí ìgbà tí ọwọ́ gígùn aago bá rin ìṣẹ́jú méje lọ. Wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n dán an wò. Ó fì. Wọ́n fún un padà díẹ̀, wọ́n dán an wò. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ń kánjú yí i, á máa ti ẹ̀yìn ibi tó dára bọ́ sí iwájú rẹ̀, kò ní bá a pàdé láé." Tó bá jẹ́ ìṣó tí wọ́n lù pa ni, tó sì ń fì, alágbẹ̀dẹ tàbí ẹni tó mọ iṣẹ́ irin ló lè fi òòlù kékeré lù ú mọ́ra ní sùúrù. Ìkànlù kan tó bá le jù, ọ̀bẹ há nìyẹn.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ jù ú nù

Ẹ dá ọ̀bẹ tó ń tì ara rẹ̀ wò báyìí: ẹ ṣí i tán, ẹ kó ìka yín kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀yìn ojú ọ̀bẹ tẹ etí tábìlì igi ní pẹ̀lẹ́. Tó bá padé, ẹ má fi ṣiṣẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí sípíríǹgì rẹ̀ ti kú, tó ń ṣí fúnra rẹ̀ tí ẹ bá gbọ̀n ọ́n. Ìyẹn ti kúrò ní ọ̀bẹ tó ń yọ̀, ó ti di ewu inú àpò. Èyí tó le náà léwu, bí mo ṣe fi àtàǹpàkò mi kọ́ ọ: agbára tí a fi ń ṣí i ni á fi yà wá lọ́wọ́. Ẹ má fi eyín ṣí ọ̀bẹ láé.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń rìnrìn àjò. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbé ọ̀bẹ wọ inú bàálù nínú báàgì ọwọ́. Bí ẹ bá sì ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sọ fún un pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1988 gba èèyàn láyè láti mú ọ̀bẹ àpò rìn níta bí ojú tó ń gé nǹkan kò bá ju íǹṣì mẹ́ta lọ, bí kò bá sì ní ohun tó ń tì í nígbà tó bá ṣí. Èyí tó ń tì ara rẹ̀, tó jẹ́ pé òun la máa yàn fún iṣẹ́ oko níbí, ẹni tó bá mú un rìn lọ́hùn-ún ní láti ní ìdí pàtàkì.

Mo bi bàbá léèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà tó báyìí lórí ọ̀bẹ kékeré. Wọ́n mú ọmọ igi ọsàn kan wá. Wọ́n là á lára, wọ́n gé ojú kan láti ara igi ọsàn aládùn, wọ́n ki ojú náà bọ ibi tí wọ́n là, wọ́n sì fi ọ̀rá wé e pinpin. Wọ́n ní tí ọ̀bẹ bá fì níbi tí wọ́n ti ń gé e, ojú tí wọ́n gé kò ní tẹ́jú, kò ní lẹ̀ mọ́ igi, á gbẹ. "Ọ̀bẹ tó ń fì lè pa ogún igi fún mi lọ́jọ́ kan," ni bàbá wí. "Èyí tó há ńkọ́? Ìyẹn á pa ọwọ́ tí mo fi ń gbìn ín."

Ọ̀bẹ mi wà lápò mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì fì. Ẹ lọ wo ìdí tiyín náà lónìí. Ire o.